Mo fẹ́ fọ́ọ́mátì láptọ́ọ̀pù mi kí n tún Windows kó sí i, ẹ jọ̀ọ́ níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

alátẹ̀wé22

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Láptọ́ọ̀pù tí mo ń lò nílé ti ń dà mí láàmú láti bí oṣù méjì báyìí. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, mo lè lọ wẹ̀ kí n wọṣọ kí n padà dé kó ṣì máa yí róbótó kan náà lójú kan. Tí mo bá ṣí Chrome á dákú, máòsì ò ní gbéra mọ́, àfi kí n tẹ bọ́tìnì tó ń tàn án mọ́lẹ̀ títí á fi kú. Lánàá ó yọ ojú búlúù sí mi lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kejì yẹn mi ò tíì ṣí nǹkan kan rárá.

Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, RAM 8GB, Intel Core i5 ìran keje, háàdì dísìkì 1TB, èyí tó ń yí nínú yẹn o, kì í ṣe SSD. Ẹnì kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà sọ pé kí n kàn fọ́ọ́mátì ẹ̀, pé fáírọ́ọ̀sì ni. Mo ti ra fláàṣì 16GB kalẹ̀.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni pé iṣẹ́ ìwádìí tí mo ti ń kọ láti ọdún mẹ́ta wà lórí Desktop, fọ́tò àwọn ọmọ mi láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn wà nínú Pictures, mi ò sì ní ẹ̀dà ìkankan níbòmíì. Ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé.

kíákíá_fix

Kò le rárá àǹtí. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Recovery, ẹ wá tẹ "Reset this PC", ẹ mú "Keep my files". Àwọn fáìlì yín á wà níbẹ̀, Windows nìkan ló máa tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ ò tiẹ̀ nílò fláàṣì yẹn. Mo ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà bíi mẹ́wàá, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Ẹ má bínú, ẹ̀yin kíákíá, mi ò bá yín jà, ohun tí ẹ sọ dáa fún kọ̀ǹpútà tí ara dísìkì ẹ̀ le. Àmọ́ ẹ tún ohun tí àǹtí kọ kà. Ó ń pẹ́ kó tó tàn, ó ń dákú láìṣí ohun tó wúwo lórí ẹ̀, ojú búlúù ń yọ lórí Desktop lásán, háàdì dísìkì tó ń yí sì ni, tó ti lo ọdún mélòó kan. Ohun tí èmi ń rí níbẹ̀ kì í ṣe Windows. Dísìkì yẹn ni mo fura sí. Tó bá jẹ́ pé òun ni, tí a bá wá lọ ń tún Windows ṣe, a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ à ń pa làpálàpá nìyẹn.

Ìdí tí mo fi sọ pé kí ẹ dúró rèé. Reset máa ń kọ ọ̀pọ̀ gígábáìtì sórí dísìkì, ó máa ń kó fáìlì láti ibì kan lọ síbòmíì, ó máa ń tàn kó máa kú fún bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí dísìkì tó ń yí. Dísìkì tó ti ń ṣàìsàn lè kú sáàárín iṣẹ́ yẹn. Windows àtijọ́ ti lọ, tuntun ò tíì dé, fáìlì yín wà láàárín méjèèjì. "Keep my files" kì í ṣe bákọ́ọ̀pù, ẹ jọ̀ọ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí dísìkì kan náà ló ń tọ́jú ẹ̀ sí.

Ẹ dáúnlóòdù CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ṣí i, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Health Status sí. Tó bá jẹ́ Good pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, a jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í, ẹ máa bá ti kíákíá lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe bákọ́ọ̀pù. Tó bá jẹ́ Caution tó yọ yẹ́lò, tàbí Bad, ẹ padà wá bá mi. Ẹ tún wo ìlà 05 àti C5. 05 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ lórí dísìkì tí dísìkì fúnra ẹ̀ ti pa tì, tó sì ti fi àrọ́pò sí. C5 ń ka ibi tó gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, tó ṣì ń dúró wò. C5 yẹn ni mo máa ń bẹ̀rù jù, torí ó lè jẹ́ inú fọ́tò yín gan-an ló wà.

Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn náà. Ṣé ẹ ń gbọ́ kẹ̀, kẹ̀, kẹ̀ tó bá fẹ́ dákú?

alátẹ̀wé22

Ọ̀gá, ọkàn mi ti já. Yẹ́lò ni. Caution ló kọ. Ìlà 05 àti C5 méjèèjì ní àmì yẹ́lò níwájú, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe òdo. Ariwo yẹn náà, mo ń gbọ́ ọ, mo ti ń gbọ́ ọ tipẹ́, fáànù ni mo rò pé ó jẹ́. Kí ni kí n ṣe báyìí? Mo ti pa á. Mi ò tíì tàn án mọ́ láti ìgbà yẹn, fọ́ọ̀nù ni mo fi ń kọ èyí.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Ẹ fọkàn balẹ̀ àǹtí. Pípa tí ẹ pa á yẹn ni nǹkan tó dáa jù tí ẹ lè ṣe. Dísìkì tí ń bàjẹ́ dà bí ẹni tó rẹ̀ tó ṣì lè sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu ẹ̀ yẹn, ohun tó ṣe pàtàkì ni kí a bi í. Torí náà ẹ ò gbọdọ̀ tàn án sínú Windows mọ́, nítorí Windows fúnra ẹ̀, ká tó ṣí nǹkan kan, á ti máa ka dísìkì lọ ka dísìkì bọ̀, yóò máa wá update, yóò máa yẹ fáírọ́ọ̀sì wò. Ẹ má ṣe chkdsk /r o, ẹ má ṣe defrag, kò sí ohun tó ń pa dísìkì tó ti ń kú kíá bíi ká ní kó ka ara ẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ohun tí a máa ṣe ni pé a máa fi Linux, ètò míì tó lè dúró dípò Windows, tàn án láti orí fláàṣì yín yẹn, láìfi nǹkan kan kún dísìkì. Ẹ wá kọ̀ǹpútà míì tó dáa, ti ẹbí tàbí ti ọ̀rẹ́. Ẹ lọ sí ojú òpó Linux Mint gan-an, ẹ dáúnlóòdù ISO ẹ̀, ìyẹn fáìlì kan ṣoṣo tí gbogbo Mint wà nínú ẹ̀, ẹ wá dáúnlóòdù Rufus, ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ní kí Rufus kọ ISO yẹn sórí ẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì á pa rẹ́, torí náà kó jẹ́ fláàṣì òfìfo. Lẹ́yìn náà ẹ ki í bọ láptọ́ọ̀pù tó ń ṣàìsàn, bí ẹ bá ṣe ń tàn án ni kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì tó ń mú boot menu wá. Lórí Dell àti Lenovo F12 ló sábà máa ń jẹ́, HP F9, Asus Esc. Ẹ mú USB níbẹ̀. Linux Mint máa ṣí bí ẹni pé ó wà lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ orí RAM àti fláàṣì ló wà. Ẹ máa rí àmì kan tó sọ pé "Install Linux Mint" lórí Desktop. Ẹ Ò GBỌDỌ̀ TẸ̀ Ẹ́. Ìyẹn ló máa fọ́ọ́mátì.

Ẹ wá ki háàdì dísìkì alágbèéká kan tó ní àyè dáadáa bọ ihò USB kejì, ẹ ṣí Files, ẹ wá dísìkì Windows yín, ẹ wọ Users, lẹ́yìn náà orúkọ yín. Ẹ má mú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ ìwádìí, òun nìkan, ẹ rí i pé ó dé, ẹ ṣí i wò níbi tí ẹ kó o sí. Lẹ́yìn náà fọ́tò, ọdún kan lẹ́yìn ọdún kan. Tó bá dé orí fáìlì kan tó kọ̀, ẹ tẹ Skip, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ má jókòó ti ẹyọ fọ́tò kan kó wá jẹ́ pé òun ló máa pa ẹgbẹ̀rún tó kù.

ẹni_iná_jó_rí

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i o, torí ohun tó ṣe mí kò ní ṣe ẹlòmíì tí mo bá sọ ọ́. Kí ẹ tó ṣe ohun tí ọ̀gá sọ yẹn, ẹ wò ó bóyá BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, wà lórí dísìkì yín. Èmi ò mọ̀ pé ó wà lórí tèmi. Mo ra láptọ́ọ̀pù, mo fi ímeèlì wọlé bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó ti fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo dísìkì pa. Lọ́jọ́ kan mo yí nǹkan kan nínú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn, mo tún un tàn, ojú búlúù kan yọ, ó ní kí n mú recovery key wá, nọ́ńbà ẹyọ 48 tí wọ́n tò pọ̀. Níbo ni kí n ti rí nọ́ńbà 48? Ímeèlì tí mo fi ṣí i nígbà yẹn ni mo ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀, nọ́ńbà fọ́ọ̀nù tó so mọ́ ọn sì ti sọnù. Gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì yẹn lọ. Ìwé tí mo kọ fún ìyá mi kó tó kú wà níbẹ̀.

Ẹ lọ sí account.microsoft.com, ẹ wọlé, ẹ wo abẹ́ Devices bóyá key yín wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ìwé gidi o. Láti Windows 11 24H2, tí ẹ bá tún un kó sí kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ sì fi ímeèlì Microsoft wọlé, ó máa ń ti dísìkì pa fúnra ẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Kì í ṣe nǹkan burúkú tí olè bá gbé e, àmọ́ ẹni tí kò mọ̀ ló máa ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìyá o, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ fúnra mi. Àǹtí, tí Linux bá sọ pé dísìkì yín wà ní títì, tó ń bèèrè key, ohun tí wọ́n sọ yìí nìyẹn, nọ́ńbà 48 kan náà ni ẹ máa tẹ̀ síbẹ̀.

Nǹkan kan tún kù. Àwọn èèyàn máa ń kó Documents àti Pictures, wọ́n á gbàgbé ohun tó fara sin. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwádìí, tí ẹ bá ń lo Zotero tó ń tọ́jú àwọn ìwé tí ẹ tọ́ka sí, fóldà Zotero wà nínú fóldà orúkọ yín, ẹ kó gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ Outlook lẹ fi ń ka ímeèlì, fáìlì .pst wà. Bookmark Chrome wà nínú AppData, tí Windows máa ń fi pamọ́; tí ẹ ò bá rí i nínú Files, ẹ tẹ Ctrl+H. Ẹ tún wo Downloads, ọ̀pọ̀ ìwé pàtàkì máa ń sùn síbẹ̀.

alátẹ̀wé22

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta, mo padà dé. Kò sí BitLocker lórí tèmi, a dúpẹ́. Iṣẹ́ ìwádìí mi ti bọ́! Mo ṣí orí kọ̀ọ̀kan wò, ó pé, mo sunkún díẹ̀, mi ò purọ́. Zotero náà bọ́, ọ̀gá, ká ní ẹ ò sọ ọ́ ni, mi ò bá ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá, ìwé bí irinwó ló wà níbẹ̀.

Fọ́tò ló gba àkókò. Àwọn ọdún àkọ́kọ́ kó ara wọn wéré. Nígbà tó dé ọdún tí a bí àbíkẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró, kẹ̀ kẹ̀ kẹ̀ yẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún lórí fọ́tò kan. Mo ń tẹ Skip bí ẹ ṣe wí. Fọ́tò mẹ́tàdínlógójì ló kọ̀. Mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo ti gba kámú, àwọn yòókù wà.

Mo ti ra SSD 500GB. Ìbéèrè mi ni pé kí ni kí n kó sórí ẹ̀? Wọ́n ní Windows 10 ti parí, wọ́n sì ní kọ̀ǹpútà mi ò gba 11.

kíákíá_fix

Àǹtí, mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ká ní ẹ gba ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí. Láti òní lọ máa kọ́kọ́ máa bèèrè nípa dísìkì.

Lórí 11, ó lè wọ̀ ọ́ o. Nígbà tí Rufus bá ń ṣe fláàṣì Windows 11, á bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó yọ àyẹ̀wò TPM 2.0 àti Secure Boot kúrò, ìyẹn àwọn ohun ààbò tí Windows 11 ní kí kọ̀ǹpútà ní. Ẹ fi àmì sí i, ó tán. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi tó jẹ́ ìran kẹfà.

ajé_linux

Kí ló dé tí ẹ fẹ́ máa fipá wọlé síbi tí wọ́n ní kí ẹ má wọ̀? Ìran kẹjọ ni Microsoft fi bẹ̀rẹ̀ ìlà Intel fún 11, ti àǹtí jẹ́ ìkeje. Wọn ò ṣèlérí update fún ẹni tó yí i po. Linux Mint tí àǹtí fi kó fáìlì lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, ṣé kò ṣiṣẹ́ dáadáa? Láti orí fláàṣì ni o, ẹ fojú inú wò ó tó bá wà lórí SSD. Ọ̀fẹ́ ni, kì í bèèrè TPM, Zotero wà fún un, Chrome wà, LibreOffice ń ṣí fáìlì Word.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Gbogbo yín lẹ ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Èmi fúnra mi Linux ni mo ń lò nílé, àmọ́ kí a wo ẹni tó ni kọ̀ǹpútà. Àǹtí, ṣé alámòójútó ìwádìí yín máa ń fi Word kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó tó dá a padà?

alátẹ̀wé22

Bẹ́ẹ̀ ni sà, gbogbo ìgbà. Orí kọ̀ọ̀kan á lọ á bọ̀ bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. LibreOffice ń ṣí Word lóòótọ́, ó sì ń gbé àtúnṣe ẹ̀gbẹ́ ìwé, àmọ́ tí ìwé bá ti lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún láàárín méjèèjì, tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í sún, nọ́ńbà ojú ìwé á máa yà. Ẹni tó ń parí ìwádìí ọdún mẹ́ta, kì í ṣe àsìkò tó yẹ kó máa jà pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ìwé nìyí. Torí náà ẹ kó Windows 10 sí i, irú èyí tó wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Home ni tàbí Pro, ẹ má yí i, torí láísẹ́ńsì yín ti wà lọ́dọ̀ Microsoft, ó so mọ́ bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà, kò so mọ́ dísìkì. Òótọ́ ni pé 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni Windows 10 parí, àmọ́ wọ́n ṣí ètò kan tí wọ́n ń pè ní ESU tó ń fún èèyàn ní àtúnṣe ààbò títí di 13 oṣù Kẹwàá 2026, ẹ máa rí i nínú Windows Update, ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn ẹ ti parí ìwé. Nígbà náà ẹ kó Linux sí i pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ajé_linux á sì ràn yín lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe é: ẹ yọ dísìkì àtijọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fi SSD sí i. Ẹ má so méjèèjì pọ̀. Mo ti rí ẹni tó fọ́ọ́mátì èyí tí kò yẹ kó fọ́ọ́mátì nítorí Disk 0 àti Disk 1 jọra lójú ẹ̀ ní aago méjì òru. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ló wà nínú ẹ̀, kò síbi tí ẹ ti lè ṣì.

Ẹ lọ sí ojú òpó Microsoft, ẹ mú Media Creation Tool, fláàṣì tó tó 8GB ló fẹ́, tiyín ti jù bẹ́ẹ̀. Tó bá bèèrè product key, ẹ tẹ "I don't have a product key". Tó bá bi yín irú ìkósí tí ẹ fẹ́, ẹ mú Custom. Orí SSD òfìfo ẹ máa rí Unallocated Space, ẹ tẹ Next lórí ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má pín nǹkan kan, òun fúnra ẹ̀ á pín in. Tó bá ní "The selected disk has an MBR partition table", ẹ tẹ Shift+F10, ojú dúdú á ṣí, ẹ tẹ diskpart, list disk, select disk 0, clean, convert gpt, kí ẹ tẹ Enter lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Clean yẹn ń pa gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí dísìkì àtijọ́ ti wà nínú dúrọ́ọ̀. Tó bá sì tún ara ẹ̀ tàn nígbà àkọ́kọ́, ẹ yọ fláàṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ padà, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá gba activator, ètò tó ń fi ọgbọ́n ẹ̀rú ṣí Windows láìní láísẹ́ńsì, lọ́wọ́ òun, ẹ má gbà á. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pa ààbò fáírọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí ìyẹn tó yín láti mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

tuntun_níbí

Ẹ jọ̀ọ́ mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè, ó bá tèmi mu díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tèmi tuntun ni, Intel ìran kejìlá, mo fẹ́ kó Windows 11 sí i látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń mú dísìkì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, òfìfo. Ṣé SSD mi ti kú ni? Windows tó wà lórí ẹ̀ ṣì ń tàn dáadáa.

Ọ̀gá_Hádíwíà

Tó bá ṣì ń tàn, kò kú. Láti ìran kọkànlá, Intel ní nǹkan kan tó ń jẹ́ VMD tó dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti SSD, ètò ìkósí Windows ò sì mọ̀ ọ́n tí kò bá ní dráífà ẹ̀. Ẹ lọ sí ojú òpó iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, ẹ wá dráífà Intel RST tàbí VMD ti mọ́dẹ́ẹ̀lì yín gan-an, ẹ tú u sínú fóldà kan lórí fláàṣì yẹn. Níbi tí dísìkì ò ti sí, ẹ tẹ Load driver, ẹ tọ́ka sí fóldà yẹn, SSD yín á yọ. Àwọn kan á ní kí ẹ lọ pa VMD nínú BIOS. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, àmọ́ Windows tó ń tàn yẹn lè má tàn mọ́ lẹ́yìn ẹ̀, torí náà bákọ́ọ̀pù kọ́kọ́. Ẹ sì wo BitLocker yín kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ lókè.

tuntun_níbí

Ó yọ! Load driver yẹn ló ṣe é. Mo sì ti kọ nọ́ńbà 48 yẹn sórí ìwé, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, mi ò mọ̀ rí. Ẹ ṣeun gan-an ni.

alátẹ̀wé22

Ó ti parí o. Mo tàn án láàárọ̀ yìí, mo yíjú láti gbé ife omi, kí n tó yíjú padà ó ti ń bèèrè pásíwọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà kan náà ni o! RAM kan náà! Mo ti ń rò láti ọdún tó kọjá pé àgbà ló dé sí i.

Nǹkan kan ló dí mi lọ́wọ́: nígbà tó ṣí tán kò rí Wi-Fi rárá, kò sí àmì ẹ̀ níbì kankan. Ọmọ mi ló ní kí n fi wáyà USB so fọ́ọ̀nù mọ́ ọn kí n tan USB tethering, bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, Windows Update fúnra ẹ̀ sì lọ mú dráífà Wi-Fi wá. Windows ní láísẹ́ńsì mi pé, mi ò tẹ key kankan. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ESU náà.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ti wà níbi mẹ́ta báyìí: lórí SSD, lórí háàdì dísìkì alágbèéká tí mo máa ń yọ kúrò lẹ́yìn tí mo bá kó o tán, àti lórí Google Drive. Gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo ti fi sí fọ́ọ̀nù pé kó máa rán mi létí. Ọ̀gá, kí ni kí n ṣe sí dísìkì àtijọ́? Ṣé kí n sọ ọ́ nù?

Ọ̀gá_Hádíwíà

Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn. Ẹ má sọ ọ́ nù, ẹ má fọ́ọ́mátì ẹ̀ fún bí oṣù mẹ́ta. Ẹ fi bébà wé e, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ẹ máa rántí nǹkan kan tí ẹ ò kó, gbogbo èèyàn ló máa ń rántí. Tí fọ́tò mẹ́tàdínlógójì yẹn bá sì ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, ètò kan wà lórí Linux tó ń jẹ́ ddrescue, ó máa ń kọ́kọ́ ka ibi tó rọrùn lórí dísìkì, ó máa fi ibi tó le sílẹ̀, ó sì máa padà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò dájú, dísìkì lè kú lábẹ́ ẹ̀, àmọ́ torí pé ẹ ti kó ìyókù, ohun tó lè sọnù kò pọ̀ mọ́. Kí ẹ tó ṣe ìyẹn, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ẹbí léèrè. Fọ́tò ọmọ kì í wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

alátẹ̀wé22

Ọ̀gá, mo bèèrè. Mo fi àwọn déètì tí mo kọ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin. Ó ti fi mọ́kànlélógún ránṣẹ́ padà láti inú fọ́ọ̀nù ẹ̀ àtijọ́, èyí tí ọmọ náà ti kọ́kọ́ dìde dúró wà nínú ẹ̀. Ó kù mẹ́rìndínlógún. Ajé_linux, ẹ jọ̀ọ́ tí ẹ bá ráyè ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ wá kọ́ mi ní ddrescue yẹn.

ajé_linux

Mo wà ńlẹ̀ àǹtí. Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ ní fláàṣì Mint yẹn nítòsí, pẹ̀lú dísìkì kan tó ní àyè tó ju 1TB lọ, ẹ má sì tíì ki dísìkì àtijọ́ yẹn bọ nǹkan kan títí màá fi dé.